Ford 1932 tí wọ́n tún kàn, $38,500: ṣé kí n rà á?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà. Mo rí mọ́tò kan tí wọ́n ń tà lápá Katy, ojú mi ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹni tó ń tà á kọ síbẹ̀ nìyí: Ford roadster 1932 (mọ́tò onísìítì méjì tí kò ní òrùlé irin), bọ́dì fáìbà, ẹ́ńjìnì Chevrolet 350, gíà ọtọmátíìkì Turbo 350, áàsìlì ẹ̀yìn (irin tó gbé táyà méjì ẹ̀yìn) Ford 9-inch, bíréèkì díìsì níwájú, dúróọ̀mù lẹ́yìn, ọ̀dà pupa, ìjókòó aláwọ. Ó ní ọdún 2009 làwọn kàn án parí, àwọn ò sì tíì wà á ju máìlì 4,000 lọ. Ó ní owó tí òun ti ná lé e lórí ju $70,000 lọ, rìsíìtì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n $38,500 lòun máa gbà. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fowó yẹn ra ilẹ̀ n'Íbàdàn. Ṣé kí n rà á? Ṣé mo sì lè gbé e lọ sílé tó bá yá?

* * *

Ti ìyàwó àti ti ilẹ̀ Ìbàdàn, ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ lẹ máa yanjú ẹ̀. Mọ́tò lo bi mí, mọ́tò ni n ó sọ.

Kọ́kọ́ yọ 1932 yẹn kúrò lọ́kàn. Pẹ̀lú ohun tí ọkùnrin yẹn kọ, kò dájú pé nǹkan kan wà lára mọ́tò yìí tó ti dáyé lọ́dún náà. Bọ́dì fáìbà, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti dà á. Ṣáàsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tuntun. Ẹ́ńjìnì 350, ọdún 1967 ni Chevrolet kọ́kọ́ gbé e jáde. Áàsìlì 9-inch, 1957 ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mọ́tò 2009 lo ń wò, àwòrán 1932 ni wọ́n fún un. Ìyẹn ò burú. Irú rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ lójú títì Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ wọn sì dùn ún wà ju ojúlówó lọ fíìfíì.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó kàn án lo fẹ́ san owó fún. Kì í ṣe Ford ló to mọ́tò yìí, kò sí ìwé iléeṣẹ́ tó sọ bí nọ́ọ̀tì kan ṣe gbọ́dọ̀ le tó, kò sì sí ẹni tó máa pè ọ́ padà pé ẹ̀yà kan ní àléébù, wá gba tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹni yẹn bá mọṣẹ́, o rí mọ́tò rà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, wàhálà tí wọ́n kùn lọ́dà pupa lo máa wọ́ wálé.

Nítorí náà ìbéèrè tèmi ṣíwájú tìrẹ: ta ló kàn án? Ó kọ "àwọn kàn án". Àwọn wo? Pè é, kí o bi í.

* * *

Bàbá kan tó ń bá wa kà á ní kí ló dé tí èèyàn á fi kó irú owó yẹn lé mọ́tò tí kò ní fẹ́ńdà, tí kò ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òjò á máa pa èèyàn nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti lówó ju ọgbọ́n lọ.

Ẹ má bínú, sà, ọ̀rọ̀ náà ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ olówó rárá. Ọdún 1932, ìparí oṣù kẹta, ni Ford gbé ẹ́ńjìnì V8, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, jáde nínú mọ́tò tí òṣìṣẹ́ lè rà. Cadillac àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń ṣe V8 tipẹ́, ṣùgbọ́n apá mẹ̀kúnnù ò ká a. Henry Ford ní kí wọ́n da búlọ́ọ̀kù ẹ̀ ní odidi ẹyọ kan, ìyẹn ló jẹ́ kí owó ẹ̀ wálẹ̀. Agbára ẹṣin 65 ló ní. Lónìí a máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà yẹn, ó tó ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ jà.

Kò pẹ́ tí àwọn Ford yìí di àlòkù, tí owó pọ́ọ́kú ti ń rà wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ gúúsù California, tí ọ̀pọ̀ wọn ò ní kọ́bọ̀ lápò, bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n, wọ́n sì ń tú gbogbo ohun tó wúwo dànù: fẹ́ńdà, bọ́ńpà, òrùlé, nígbà mìíràn gíláàsì iwájú pàápàá. Wọ́n á wà wọ́n lọ sí àwọn adágún gbígbẹ inú aṣálẹ̀ Mojave, Muroc, Rosamond, El Mirage, láti mọ mọ́tò tó yá jù. Mọ́tò kan náà ni wọ́n á tún wà padà sílé lálẹ́, òun náà ni wọ́n á gbé lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní 1937 ni àwọn ẹgbẹ́ wọn para pọ̀ di SCTA (Southern California Timing Association), ẹgbẹ́ tó ń wọn eré mọ́tò. Ogun dé, ológun gba Muroc, ibẹ̀ ló wá di ibùdó ọkọ̀ òfuurufú Edwards. Nígbà tí ogun parí, àwọn tó ti tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ìjà ṣe padà wálé, ọwọ́ wọn ti mọ irin, ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan gbóná. Ìwé ìròyìn Hot Rod, orúkọ tí wọ́n ń pe irú mọ́tò àtúnkàn bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní January 1948. Ní 1949 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí pápá iyọ̀ Bonneville ní Utah, wọ́n ṣì ń sá a títí dòní.

Ìdí tí roadster fi ṣáájú ni pé òun ló fúyẹ́ jù. Kò ní gíláàsì tí à ń yí sókè lẹ́nu ilẹ̀kùn, òrùlé ẹ̀ aṣọ lásán ni. Ohun tí ẹ pè ní àìpé yẹn, sà, òun gan-an ni wọ́n ń sanwó fún.

* * *

Ìwọ tí o fẹ́ rà á, nǹkan kan wà tí o ò sọ fún wa: ṣé bọ́dì jókòó sórí ṣáàsì, àbí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ bo ṣáàsì mọ́lẹ̀? Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní highboy. Ti ìkejì, wọ́n gé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bọ́dì, wọ́n sì jẹ́ kó rì sísàlẹ̀. Nínú fọ́tò, ìkejì á dà bíi pé ó ń rákò, ó máa ń wu ojú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ máa wà ti gòkè wá bá ìjókòó. Báwo lo ṣe ga tó? Bí o bá lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, jókòó sínú ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó. Mo mọ ẹni tó ra irú ẹ̀ tí orúnkún ẹ̀ ń fọwọ́ kan sitíárìn, oṣù mélòó kan ló fi tà á.

* * *

Fáìbà. Mo mọ̀ pé a máa dé bẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ti kọ̀wé pé fáìbà, ike ni, pé irin nìkan ni ojúlówó, kí àbúrò má fowó ẹ̀ ṣòfò. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní kí ó mú òòfà lọ, bí kò bá lẹ̀ mọ́ bọ́dì, kí ó yí padà sílé. Òòfà kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó ń tà á ti kọ ọ́ sójútáyé pé fáìbà ni.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Irin 1932 tó jáde lọ́wọ́ Ford fúnra wọn: ó ṣọ̀wọ́n, owó ẹ̀ ga gan-an, èyí tó pọ̀ nínú wọn ni ìpáàrà sì ti jẹ kí wọ́n tó fi pọ́tì àti irin tuntun dí i. Irin tuntun: Brookville ní ìpínlẹ̀ Ohio ń tẹ bọ́dì roadster 1932 tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó dáa ni, òun náà ò sì wọ́pọ̀ ní owó tí o dárúkọ. Ìkẹta ni fáìbà. $38,500 ò ní ra irin ojúlówó tó wà ní ipò gidi fún ẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi lọ̀ ọ́ ní iye yẹn, ìgbà yẹn gan-an ni kí o mú òòfà lọ.

Èmi ò kórìíra fáìbà. Ní Houston tí ọ̀rinrin ò jẹ́ ká sinmi yìí, bọ́dì tí kò lè dípáàrà kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ fáìbà ju fáìbà lọ. Ṣí ilẹ̀kùn, dì í mú níparí, kí o gbé e sókè díẹ̀. Bí ó bá ń mì, tàbí tí ojú ọ̀dà ti sán wẹ́wẹ́ níbi tí híńjì ti wọlé, wọn ò fi irin tó tó sínú bọ́dì yẹn. Bọ́dì tó dáa máa ní páìpù irin tí wọ́n jó pọ̀ nínú lọ́hùn-ún, láti ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn dé ẹ̀yìn ìjókòó. Èyí tí kò ní in, ilẹ̀kùn ẹ̀ lè ṣí fúnra ẹ̀ bí o bá ki ihò lójú ọ̀nà.

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, mi ò ní fi pa mọ́: lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ tà á, irin á mówó wá ju fáìbà lọ. Tí ó bá jẹ́ pé èrè lo ń wá, ilẹ̀ Ìbàdàn yẹn náà ni.

* * *

"Ẹ́ńjìnì Chevrolet nínú Ford, ṣé kì í ṣe àbùkù?"

Àbùkù kẹ̀? Láti ìgbà tí Chevrolet ti gbé V8 kékeré tiwọn jáde ní 1955 ni wọ́n ti ń ṣe é. V8 àtijọ́ ti Ford yẹn, wọn ò tún fi sínú mọ́tò Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1953, ìgbà yẹn sì ni Chevrolet dé pẹ̀lú ohun tó fúyẹ́, tó dínwó, tí agbára ẹ̀ sì pọ̀ ju ti Ford àtijọ́ lọ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án rárá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fowó kékeré wá eré ńlá ò bi ẹ́ńjìnì léèrè ìdílé ẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí ẹni tó ti fọwọ́ ara ẹ̀ kàn án máa sọ fún ẹ. Iwájú 1932 kò gùn. Ẹ́ńjìnì V8 kékeré ti Ford, pọ́ǹpù omi ẹ̀ gùn wá síwájú, táńkì òróró abẹ́ ẹ̀ náà sì jókòó síwájú, níbi tí áàsìlì wà gẹ́lẹ́. O ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ti Chevrolet kúrú, táńkì òróró ẹ̀ wà lẹ́yìn. Ìyà kan ṣoṣo tó ń fi jẹni ni pé dìsìtíríbútọ̀ ẹ̀ (ohun tó ń pín iná fún àwọn sílíńdà) wà lẹ́yìn pátápátá, ó fẹ́ máa gbá ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti ẹsẹ̀ èèyàn. Wo ògiri yẹn tí o bá débẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ ibẹ̀ wọnú dáadáa kí dìsìtíríbútọ̀ lè rí àyè, ẹni tó ronú kó tó gé nǹkan ló ṣe é. Tí wọ́n bá fi hámà lù ú wọlé, o ti rí ìdáhùn.

Àwọn tó bá fẹ́ ẹ́ńjìnì Ford àtijọ́ kí wọ́n lọ rà á, ohùn ẹ̀ dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n èéfín ẹ̀ ń gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá kí ó tó jáde, sílíńdà méjì àárín ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń pín ihò èéfín kan ṣoṣo lò. Gbogbo ooru yẹn, omi rẹdiétọ̀ ló ń gbé e. Búlọ́ọ̀kù ẹ̀ tún fẹ́ràn àti máa sán. Ẹ gbé ìyẹn wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ I-10 nínú oṣù kẹjọ, kí ẹ padà wá sọ fún wa.

* * *

Pépà. Ibí yìí ni kí o ti gbé gíláàsì ojú rẹ wọ̀.

Lọ́dún 1932, Ford tẹ nọ́ńbà sórí irin ṣáàsì lápá òsì, níbi tí bọ́dì máa ń bò. Ti V8, 18 ló bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò fáìbà tó wà lórí ṣáàsì tuntun ò lè ní nọ́ńbà yẹn, àfi tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Nígbà náà, nọ́ńbà wo ló wà lórí title, ìwé tó fi hàn pé ẹnì kan ló ni mọ́tò? Ó lè jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó ṣe ṣáàsì, tí wọ́n kàn mọ́ ọn lórí àwo kékeré. Ó lè jẹ́ èyí tí ìpínlẹ̀ fún un. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ra pépà mọ́tò kan tó ti rà sínú igbó, tó wá gbé e lé tuntun lórí. Ti ìkẹta yìí ló ń kó èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má bèèrè, ọjọ́ tí ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì bá wá bá nọ́ńbà méjì tí kò bára mu, wọ́n lè gba mọ́tò náà. Ọwọ́ rẹ ló sì máa wà nígbà yẹn.

Òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. California ní òfin tí wọ́n ń pè ní SB 100, mọ́tò àkànṣe 500 péré ló ń yọ lábẹ́ ẹ̀ lọ́dún kan lórí ọ̀rọ̀ èéfín, àwọn èèyàn sì ń tò sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún. Bí mọ́tò yìí bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá sí Texas, béèrè pépà ibẹ̀ náà.

Mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ wo irú mọ́tò yìí rí. Ẹni tó ń tà á jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, ó fún wa ní omi tútù, ó ń fi fọ́tò àwọn ọmọ ẹ̀ hàn wá. Ọ̀rẹ́ mi ti ń fọkàn ka owó. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣí pákó ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n wo nọ́ńbà. Ọkùnrin náà ní ọ̀dà ló bò ó mọ́lẹ̀. A tan iná sí i, mo fi ìka tẹ̀ lé irin yẹn láti iwájú dé ibi ìjókòó, ó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, ọ̀dà ò bo nǹkan kan. Pépà sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó kún fún nọ́ńbà. A dúpẹ́ omi tútù, a lọ.

* * *

Ẹnì kan ní máìlì 4,000 láti 2009, mọ́tò tuntun nìyẹn, kí àbúrò sáré lọ. Mi ò gbà. Mọ́tò tó ń jókòó ń bàjẹ́. Epo Amẹ́ríkà tí wọ́n po ọtí mọ́ yìí máa ń di gọ̀ọ́ nínú kábúrétọ̀, rọ́bà á gan, òróró bíréèkì á fa omi. Wo ara táyà: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà nínú ibi róbótó tó gùn, lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹ́yìn ni ọdún. Tí o bá rí 2308, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2008 ni wọ́n ṣe é. Irú táyà bẹ́ẹ̀ lè ní eyín dáadáa kó sì bẹ́ lórí ìrìn.

* * *

Bí o bá ń lọ, mú tọ́ọ̀ṣì àti páálí tí o máa fi sùn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí o wo abẹ́, mọ́tò ẹ̀ ò tíì ṣeé tà.

Ojú jíjó irin ni kí o kọ́kọ́ wò. Ti ẹni tó mọṣẹ́ máa tò tẹ̀lé ara wọn déédéé, kékeré-kékeré, láìdáwọ́ dúró. Ti ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ á ṣù jọ níbì kan, á ṣófo níbòmíì. Wo ibi tí àwọn irin tó di áàsìlì mú ti wọnú ṣáàsì ní pàtàkì.

Lẹ́yìn náà, bíréèkì. Nínú irú mọ́tò yìí, abẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mástà sílíńdà (ohun tó ń ti òróró bíréèkì) sábà máa ń wà, kì í ga ju ibi tí bíréèkì wà lára táyà lọ. Òróró lè máa ṣàn padà sínú ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi fáàfù kékeré kan há ojú ọ̀nà òróró: ti 2 psi fún díìsì, ti 10 psi fún dúróọ̀mù (psi ni ìwọ̀n bí òróró ṣe ń tì tó). Nígbà tí mọ́tò bá ti dúró fún ìgbà díẹ̀, tẹ ẹsẹ̀ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá rì, tí o tún tẹ̀ ẹ́ tó wá le, fáàfù yẹn ò sí níbẹ̀ tàbí ó ti kú. Kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé ẹ̀ lè ti gbàgbé nǹkan mìíràn.

Yí sitíárìn dé òpin lápá ọ̀tún, kí ẹnì kan máa wo bóyá táyà ń ha rọ́bà bíréèkì. Ṣe bẹ́ẹ̀ lápá òsì. Bí áàsìlì iwájú bá jẹ́ ọ̀pá kan gbọọrọ pẹ̀lú sípíríìnì kan tó dábùú, wo bóyá irin kan wà tó so áàsìlì mọ́ ṣáàsì kó má baà máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n ń pè é ní Panhard. Nígbà tí o bá ń wà á, sá a dé máìlì 45 tàbí 50 láàárín wákàtí kan, kí o sì jẹ́ kó gba orí ibi tó gbún gbún díẹ̀. Bí sitíárìn bá gbọ̀n jìnnìjìnnì lọ́wọ́ ẹ, rọra dúró.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbójú fò. Nínú mọ́tò onírin, bọ́dì fúnra ẹ̀ ló ń gbé iná padà sí bátìrì. Fáìbà ò gbé iná. Gíloobù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní wáyà ìpadàbọ̀ tiẹ̀. Tan iná ńlá, kí o tún tan tírafikétọ̀, kí o tún tẹ bíréèkì, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná ẹ̀yìn bá ń ṣẹ́jú tàbí tó ń rẹ̀wẹ̀sì, ẹni tó fa wáyà yẹn mú un ní ẹ̀fẹ̀.

Kí o tó lọ, jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún ogún ìṣẹ́jú, nínú oòrùn. Ojú iwájú 1932 tóóró, rẹdiétọ̀ ẹ̀ ò láàyè, 350 sì ń gbóná. Má wo ẹnu ẹni tó ń tà á, wo àmì ooru.

* * *

Sílé ńkọ́? Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ò gba àlòkù mọ́tò tó bá ti lé ní ọdún 12 láti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ìwọ tí wàá sì wá gbé title tó kọ 1932 síwájú wọn l'Ápápá, kí lo fẹ́ sọ? Pé fáìbà ẹ̀ kò tíì dàgbà? Kódà 2009 tí wọ́n kàn án, ó ti kọjá ìlà.

Ẹnì kan sọ pé kí wọ́n kúkú kàn án ní Ládípọ̀. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ò rí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Àwọn bàbá wa ra ṣáàsì Bedford, wọ́n ní kí káfíńtà kan pákó lé e lórí, ó di bọ̀lẹ̀kájà. Àwọn wẹ́dà wa gbé bọ́dì mólúè lé orí Mercedes 911. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn lè tẹ irin roadster. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà tó tẹ́jú àti ẹni tó máa ra mọ́tò onísìítì méjì tí òjò June máa kún inú ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣe é, kó fi fọ́tò ránṣẹ́, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

* * *

$70,000 tó ní òun ná. Mo gbà á gbọ́. Ọ̀dà nìkan, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kùn, lè jẹ owó tó lè ra mọ́tò kékeré. Kò kàn ọ́ ṣá. Ẹni tó kan hot rod fún ara ẹ̀ kì í sábà rí owó ẹ̀ gbà padà, nítorí ohun tó wu òun ló ṣe: ìjókòó tó wù ú, àwọ̀ tó wù ú, gíà tí wọ́n gbẹ́ àmì ìdílé ẹ̀ sí lórí. Ẹlòmíì ò ní sanwó ìyẹn. Rìsíìtì wúlò fún nǹkan mìíràn: kà á kí o mọ ibi tí owó gbà lọ. Bí èyí tó pọ̀ jù bá lọ sórí ọ̀dà àti irin dídán, tí ti bíréèkì àti sitíárìn wá kéré jọjọ, o ti mọ ohun tó jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Kúkúrú lórí inṣọ́ráǹsì, torí ẹnì kan bèèrè: má fi í sábẹ́ èyí tí o fi ń wa Camry rẹ. Lọ bá àwọn tó ń ṣe ti mọ́tò àtijọ́, bíi Hagerty, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye tó tó ṣáájú. Lọ́jọ́ ìjàǹbá, iye yẹn ni wọ́n máa san. Wọ́n máa fẹ́ kó ní gáráàjì, kí o má sì máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

* * *

Ẹni tó ni ìbéèrè ti padà dé. Ó ní òun lọ, òun sùn sórí páálí. Highboy ni, orúnkún ẹ̀ gbà. Nọ́ńbà title àti ti àwo tó wà lára ṣáàsì bára mu, nọ́ńbà iléeṣẹ́ ṣáàsì ni, Texas ló sì fún un ní title látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kàn án ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n ó wà láyé, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bàbá náà rántí gbogbo ẹ̀. Jíjó irin mọ́. Ooru ò gòkè. Táyà jẹ́ ti 2008. Ẹsẹ̀ bíréèkì rì ní ìgbà àkọ́kọ́, ó le ní ìkejì. Iná ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ń ṣẹ́jú. Ó ní ṣé kí òun kúkú kó $38,500 fún un, kí ẹlòmíì má baà gbà á mọ́ òun lọ́wọ́.

Má kó o fún un. Ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn ṣeé rà. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, bàbá tó gbé fóònù yẹn ló mú inú mi dùn jù. Gba nọ́ńbà ẹ̀ pamọ́, kí o sì máa kí i lọ́dọọdún. Àwọn ìyókù jẹ́ nǹkan tó ṣeé tún ṣe. Táyà mẹ́rin, fáàfù méjì, òróró bíréèkì tuntun pátápátá, wáyà ìpadàbọ̀ fún iná ẹ̀yìn, kí wọ́n fọ kábúrétọ̀. Kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, kí o sì fi hàn án. Bẹ̀rẹ̀ ní $32,000. Èmi ò ní kọjá $35,000. Bí ó bá ní rárá, fi nọ́ńbà rẹ sílẹ̀ fún un, kí o máa lọ. Irú mọ́tò yìí kì í tètè tà nígbà òtútù.

Bí ẹ bá fẹnu kò, báǹkì rẹ ni kí ẹ ti ṣe owó, kí ó rí i tí wọ́n kọ ṣẹ́ẹ̀kì náà. Kí ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì owó orí káńtì, kí ó buwọ́ lu title lójú wọn. Kí o sì yá tírélà gbé e wálé. Má fi táyà 2008 yẹn gun I-10.